Ọ̀bẹ Tí Kò Gba Àmì

Àlùfáà ni bàbá tó bí mi. Obìnrin mẹ́rin ni ìyá mi kọ́kọ́ bí kó tó bí ọkùnrin, èmi sì ni àkọ́bí. Nítorí pé kò sí ọmọkùnrin tí bàbá mi lè rán níṣẹ́ nígbà náà, èmi ló máa ń pè pé kí n wá po tàdáwà tó fi ń kọ̀wé, kí n gbé kálàmù wá, kí n fọ wàláà, pátákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí. Ẹni tó bá ń fọ wàláà lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, yóò mọ ohun tó ń fọ̀ dànù. Kí n tó wọlé ọkọ, mo ti lè fi lẹ́tà kéwú kọ Yorùbá. Bàbá mi á gbà á lọ́wọ́ mi, á kà á, á sì rẹ́rìn-ín pé ọwọ́ mi gún ju ti àwọn tó ń sanwó kéwú fún òun lọ.

Agbolé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n fi mí fún, nínú Ìwó níbí. Ọkọ́, àdá àti àáké ni gbogbo àgbẹ̀dẹ yòókù ń rọ. Bàbá ọkọ mi náà ń rọ wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ dé Ilé-Ogbó àti ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni ọ̀bẹ àpò. Ọ̀bẹ kékeré ni, kò gùn ju ìka àárín lọ. Irin rẹ̀ máa ń ṣẹ́ wọ inú èèkù, èèyàn á sì sọ ọ́ sápò dàńṣíkí rẹ̀ láìsí pé ó gé e. Ìwo àgbò, igi osùn tàbí igi àyàn ló fi ń ṣe èèkù, ìṣó idẹ ló sì fi ń de oríkèé níbi tí irin ti ń ṣẹ́. Kó tó ri irin náà bọ omi, nígbà tó ṣì pupa, á tẹ àmì ilé wa sí ìdí rẹ̀: ìlà mẹ́ta tó tẹ̀ bí èékánná ológbò.

Mo ti lo bí oṣù mẹ́fà nílé ọkọ nígbà tí ọkùnrin kan wá fi ariwo dáàmú wa. Ọ̀bẹ tó rà ti kán sí méjì, ó ní ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é, àmì wa sì wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Bàbá ọkọ mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iṣẹ́ òun kọ́, ẹnìkan ló ń jí àmì òun tẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò gbà. Nígbà tó lọ tán, Bàbá jókòó sórí àpótí, ó wá pè mí.

"Ọmọ àlùfáà."

Mo kúnlẹ̀. "Èmi rèé, Bàbá."

"Ohun tí o fi ń kọ kéwú yẹn, ṣé ó lè kọ ọ̀bẹ?"

Mo ní ohunkóhun tí ẹnu bá lè sọ ni ó lè kọ.

Bí iṣẹ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ra tákàdá ìkọ̀wé lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń kọjá, mo rán an pọ̀, mo fi awọ bò ó. Lẹ́yìn ìrun àlàásàrì, á kó gbogbo ọ̀bẹ tó parí sórí ẹní, á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa sọ, èmi á máa kọ: oṣù tí a wà, irú irin, ohun tí a fi ṣe èèkù, iye ìṣó, àbùkù tó bá ní, ẹni tó gbé e lọ. Bí ọ̀kan bá ní ẹ̀là lára ìwo, a ó kọ ọ́. Bí irin kan bá dúdú ju ìkejì lọ nítorí pé iná pọ̀, a ó kọ ọ́. Kò sí ọ̀bẹ tó jáde nílé wa tí mi ò mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ká sọ òótọ́, inú mi dùn sí i púpọ̀. Àwọn ìyàwó agbolé yòókù ń lọ síbi omi, àwọn àgbà ń pè mí síbi ẹní.

Ẹnìkan wà tó fẹ́ràn ìwé yẹn tó bí èmi ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Oníṣòwò obì ni, àgbàlagbà, a máa ń pè é ní Bàbá olóbì. Kì í fi ọ̀bẹ wa gé nǹkan kan. Ó kàn ń kó wọn jọ ni, sínú àpò awọ kan tó ní ojú pọ̀, ọ̀bẹ kan sí ojú kan. Bó bá ti dé láti ìrìn àjò, á wá jókòó tì mí, á ní kí n ka ìlà àwọn ọ̀bẹ òun fún òun, bí ẹni tó ń gbọ́ oríkì ìdílé rẹ̀. Bàbá máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé obì tí olóbì ń tà, eyín ló fi ń gé e.

Ọkọ mi ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó kù fún Bàbá. Ọkọ́ àti àdá ni wọ́n jẹ́ kó máa rọ. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ àpò ló ń wù ú, Bàbá sì ń sọ fún un pé àkókò kò tíì tó. Ó fi odidi oṣù kan ṣe ọ̀kan ní kọ̀rọ̀. Ó wá ìwo ẹfọ̀n lọ́wọ́ ọdẹ kan, ìwo dúdú tó ní ìlà funfun kan lára bí ìgbà tí wàrà bá kán sí aṣọ. Ó fi hàn mí. Mo rò pé kò sí ọ̀bẹ tó dára tó o nínú gbogbo èyí tí mo ti kọ.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí èmi àti Bàbá jókòó síbi ẹní, ó gbé e wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi í síwájú bàbá rẹ̀. Ó ní irin náà kò tíì wọ omi, kí Bàbá bá òun tẹ àmì sí i.

Bàbá ṣí i, ó pa á dé. Ó gbé e sí etí, ó tún ṣí i, ó tún pa á dé.

"Oríkèé rẹ̀ ń mì."

"Díẹ̀ ni, Bàbá."

"Díẹ̀ ni mo gbọ́." Ó gbé ọ̀bẹ náà padà sílẹ̀. "Kò ní gba àmì. Lọ rì í sómi bẹ́ẹ̀. Ọmọ àlùfáà, kọ ọ́."

Ọkọ mi gbójú sókè wò mí. "Má kọ ọ́," ó wí.

Kálàmù wà lọ́wọ́ mi. Mo wo ọkọ mi, mo wo bàbá rẹ̀. Mo kọ ọ́. *Ọ̀bẹ tí ọmọ ṣe. Èèkù ìwo ẹfọ̀n. Oríkèé ń mì. Kò gba àmì.*

Nígbà tí a wọlé, ọkọ mi ní kí n sọ ohun tí mo kọ fún òun. Mo kà á bó ṣe wà. Ó bi mí pé:

"O ò lè fo èyí tó ń mì yẹn?"

"Ohun tí Bàbá sọ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè yí i."

Kò bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà. Láti ọjọ́ náà, ó kàn ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ni.

Àkókò yẹn ni àwọn òyìnbó ń la ọ̀nà rélùwéè kọjá lẹ́bàá ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì ń wá ẹni tó mọ irin, tí yóò máa pọ́n díígà, tí yóò máa tún ṣọ́bìrì ṣe. Ọkọ mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ. Bàbá ní kó máa lọ, irin òyìnbó náà irin ni. Ó dà bíi pé ẹnìkan ń retí kí ẹnìkejì sọ pé rárá. Kò sí ẹni tó sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ, mo ń gbálẹ̀. Mo ti lóyún oṣù méjì, mi ò tíì sọ fún un. Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa ná. Ó gbé ẹrù rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní, "Mo ń lọ o." Mi ò gbójú sókè. Mo ní, "Ó dàbọ̀." Mò ń gbálẹ̀ lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti kọjá ògiri ilé kejì.

Mo bí obìnrin. A fi rán àwọn èrò tó ń lọ, a ní kí wọ́n sọ fún un bí wọ́n bá rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iṣẹ́ tó rán dé bá wa: èkíní pé ó ti kọjá Òṣogbo, àlàáfíà ni ó wà, èkejì pé ó ti dé ọ̀nà Ọ̀fà. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò gbọ́ nǹkan mọ́. Iṣu tuntun jáde, a kò gbọ́. Iṣu tuntun tún jáde. Ojú Bàbá ti ń ṣú nígbà náà, èéfín àti iná ti bà á jẹ́. Kì í dárúkọ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti ń kọjá láti òkè, á ní kí wọ́n fún un ní omi, kí ó jókòó, kí ó sọ bí ọ̀nà ṣe rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá olóbì yọ, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìta.

"Bàbá alágbẹ̀dẹ, ẹ wá wo ohun tí mo rí! Iṣẹ́ ilé yìí ni, bí mo bá purọ́ kẹ́ ẹ yọ mí lójú. Ṣùgbọ́n kò ní àmì! Mo ní irú èyí kò lè sí méjì láyé." Ó tú u láti inú aṣọ, ó fi í sọ́wọ́ Bàbá. "Kí ọmọ àlùfáà gbé ìwé, kó bá mi wá a."

Mo ń fún ọmọ mi lóúnjẹ. Mo rí ìlà funfun lára ìwo náà, ṣíbí sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá kò rí i. Ìka ló fi ń wò. Ó fi àtàǹpàkò ra irin rẹ̀ lọ ra á bọ̀. Ó ṣí i, ó pa á dé lẹ́bàá etí rẹ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ sì tutù bí ojú ẹni tó ń gbọ́ ohun tó dùn mọ́ ọn.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ẹ̀yin ni mo wá bi!"

"Kì í ṣe èmi. Idẹ ni mo fi ń de oríkèé, irin ni wọ́n fi de èyí, irin tó dára. Mi ò mọ ibi tó ti rí i." Ó mi orí. "Ọwọ́ tó de oríkèé yìí ju tèmi lọ. Mo ń sọ ọ́ fún yín. Ó ju tèmi lọ. Ọmọ àlùfáà, wò ó bóyá ohun tó jọ ọ́ wà níbẹ̀."

Mo gbé ìwé. Mi ò nílò láti wá nǹkan kan, mo mọ ojú ewé náà. Síbẹ̀ mo ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mi ò fẹ́ débẹ̀.

"O ti rí i?" Bàbá bi mí.

"Mo ti rí i, Bàbá."

"Kà á."

"Ọ̀bẹ tí ọmọ ṣe. Èèkù ìwo ẹfọ̀n." Mo fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà. "Oríkèé ń mì. Kò gba àmì."

 Bàbá tún gbé ọ̀bẹ náà sí etí, ó ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó pa á dé.

"Kò mì mọ́," ó wí. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni mo máa ń rí bí mo bá di ojú mi, nítorí pé ó rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ ohun tó kù. "Ó ti tún un ṣe! Ó ti yọ idẹ, ó ti fi irin sí i. Bàbá olóbì, níbo lẹ ti rí ọmọ mi?"

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Bàbá olóbì. Ó wo èmi, ó wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

"Mi ò rí i, Bàbá. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo ti gbà á. Mo fi aṣọ kan ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan ní Olúpọ̀nnà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Bàbá olóbì gba ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Bàbá fẹ́ bá wa lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà. A bá ọkùnrin náà lóko rẹ̀, ó ń kọ ebè. Kò ju ọkọ mi lọ lọ́jọ́ orí. Kí a tó kí i rárá, ó ti wò mí, ó sì ti fi ọkọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ni ìyàwó rẹ̀," ó wí. "Mo ti rí yín rí."

Ó jókòó sórí ebè, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Àgọ́ kan náà ni òun àti ọkọ mi ń gbé, lókè Ọ̀fà. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló wọ àgọ́ náà, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́fà ni ọkọ mi fi dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkọ mi yọ ọ̀bẹ yìí, ó fi í lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó ní bí òun kò bá dìde mọ́, kó gbé e lọ sí Ìwó, sí agbolé alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe ọ̀bẹ àpò. "Ó ní kí n sọ fún bàbá òun pé kò mì mọ́. Kí bàbá òun fi àmì sí i."

Mo béèrè bóyá ó gbọ́ pé mo bímọ.

"Ó gbọ́. Ó ń sọ ọ́ kiri àgọ́ pé obìnrin ni. Ó ní àfàìmọ̀ kó má mọ̀wé kọ bí ìyá rẹ̀."

Mo ní kí ló dé tí kò gbé e wá bá wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun dé Ìwó. Òun dé iwájú ilé wa gan-an, òun rí bàbá arúgbó kan tó ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà, òun rí obìnrin kan tó pọn ọmọ, tó ń gún nǹkan nínú odó, tó sì ń kọrin fún ọmọ náà. Òun dúró síbẹ̀ títí, ẹnu òun kò ṣí. Òun yí padà. Òun ní òun á tún wá, òun kò wá mọ́. Nígbà tó yá, òun kò lè máa rí ọ̀bẹ náà nínú ilé òun.

Ó yẹ kí n ṣépè fún un. N kò lè ṣe é. Mo ti gbé ojú sílẹ̀ níwájú ẹni tó yẹ kí n bá sọ̀rọ̀ rí, èmi náà mọ bó ṣe ń rí. Mo bi í níbo ni wọ́n sin ín sí. Ó ní abẹ́ igi ẹmì kan, igi òrí, ní apá ọ̀tún ọ̀nà. Ó ní àwọn igi náà pọ̀ níbẹ̀, àti pé òun kò lè mọ èyí tó jẹ́ mọ́.

Bàbá olóbì ló ń dì mí mú bọ̀. Nígbà tí a délé, Bàbá ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun, ó ti mọ̀, ó na ọwọ́, ó gbé e lé mi lórí.

"Ṣé àìsàn ni? Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́fà, Bàbá."

"Kí ló ní kí wọ́n sọ fún mi?"

Mo sọ ọ́. Kò sunkún lójú ẹsẹ̀. Ó dìde, ó táràrà lọ sí àgbẹ̀dẹ, a tẹ̀ lé e. Ó ní kí wọ́n fẹ́ ẹwìrì, kí wọ́n bá òun wá irin tí òun fi ń tẹ àmì. Iná mú dáadáa. Ó fi ẹmú di ìdí ọ̀bẹ náà mú, ó gbé e sún mọ́ iná, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́. Ẹni tó ń fẹ́ná ti ń làágùn.

"Kò ṣeé ṣe," Bàbá wí níkẹyìn. "Irin kò lè gba àmì àfi kó pupa. Bó bá sì tún pupa, líle tó ti fi sínú rẹ̀ á jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa bà jẹ́." Ó fa ọwọ́ padà. "Ó yẹ kí n ti ṣe é nígbà tó gbé e wá."

Ìgbà náà ló sunkún. Mi ò rí ọkùnrin tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, tó fi ẹmú lé orí òkúta, tó jókòó sínú eérú.

Nígbà tó dákẹ́, ó ní kí n lọ gbé ìwé. Mo bi í bóyá kí n fa ìlà nu èyí tí mo kọ tẹ́lẹ̀. Ó ní rárá. "Ohun tí mo sọ nìyẹn. Fi í sílẹ̀. Kọ èyí sí abẹ́ rẹ̀: ó tún un ṣe fúnra rẹ̀, kò mì mọ́, bàbá rẹ̀ ti gbọ́." Mo kọ ọ́.  Bàbá olóbì kò gba ọ̀bẹ náà padà. Ó ní òun kò mọ ojú àpò tí òun á fi í sí.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò ṣe ọ̀bẹ àpò mọ́. Àwọn èèyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn, Bàbá á ní ojú òun kò ríran mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ló fi ń ṣe é. Mo ṣe opó mi pé. Lọ́jọ́ tí mo parí rẹ̀, Bàbá pè mí, ó ní kí n ka ìwé náà fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kà á, ọ̀bẹ tẹ̀ lé ọ̀bẹ, òun á máa sọ pé, "Ìyẹn, mo rántí rẹ̀." Nígbà tí mo dé ojú ewé kan, mo ṣí i kọjá.

"O fo ọ̀kan," ó wí.

Mo padà sí i, mo kà á.

Ó kú nígbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo padà sílé bàbá mi, mo ń ran àwọn ọmọ kéwú lọ́wọ́. Nígbà tó yá, mo fẹ́ ẹlòmíràn, àgbẹ̀ ni, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo bímọ fún un. N kò lọ sí òkè Ọ̀fà rí. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe láàárín igi ẹmì?

Nígbà tí àkọ́bí mi obìnrin tó wọlé ọkọ, ó ń dirun lọ́jọ́ kan, ó sì bi mí bóyá òun jọ bàbá òun. Mo wò ó fún ìgbà díẹ̀. Mo ní ó jọ ọ́ gan-an, pàápàá níbi iwájú orí. Inú rẹ̀ dùn, ó ń dirun rẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mi ò lè rí ojú ọkọ mi mọ́ bí mo bá gbìyànjú. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí, pẹ̀lú ẹrù léjìká.